Áńpù dákẹ́, ẹni tó tà á ń béèrè owó: bí mo ṣe máa ń yanjú rẹ̀

Ọjọ́ kẹsàn-án tí mo ra áńpù náà, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ńlá fún sìpíkà, ló dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, níbi ìnáwó òkú kan ní Mọ́níyà, bí àwọn ọmọ olóògbé ṣe ń jó wọlé. Apá ọ̀tún ló lọ. Ó dún "gbàù" lẹ́ẹ̀kan, iná pupa tí wọ́n kọ PROTECT sí abẹ́ rẹ̀ tàn, kò sì kú mọ́. Mo yọ wáyà àwọn àpótí sìpíkà ọ̀tún kúrò, mo fi apá òsì nìkan gbá a dé alẹ́. Onílé ò mọ̀. Àwọn onílù mọ̀, wọ́n kàn ń wò mí ni.

Nígbà tí mo gbé e padà lọ fún ẹni tó tà á fún mi l'Ékòó, ₦145,000 ló ní kí n mú wá fún àtúnṣe ohun tí mo rà ní ₦285,000. Owó tó jáde lápò mi níkẹyìn jẹ́ ₦11,800. Kì í ṣe pé mo mọ ẹjọ́ rò. Ìyàwó mi ló máa ń bá mi nájà. Àmọ́ kí n tó wọ mọ́tò lọ́jọ́ yẹn, mo ti mọ ohun tó jó nínú ẹrù náà, mo mọ iye tí wọ́n ń tà á n'Íbàdàn, fọ́tò rẹ̀ sì wà lórí fóònù mi. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù láìmọ ohun tó ṣe ẹrù rẹ̀, iye tó bá wu ẹni tó mọ̀ ni yóò san.

Ọdún kọkànlá rè é tí mo ti ń gbé sáńdì, àwọn ẹ̀rọ ohùn, lọ òde. N kì í ṣe ẹnjiníà o. Ìwọ̀nba tí mo mọ̀, ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ní Mọ́kọ́lá ni mo ti jí i kọ́, nígbà tí mo máa ń jókòó tì í dúró de ẹrù mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí ò ní sọ ẹnikẹ́ni di oníṣẹ́ iná. Yóò kàn jẹ́ kí ẹ lè dúró níwájú oníṣẹ́ iná láì ya ẹnu sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó dá yín lójú pé áńpù ló jẹ̀bi

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbé áńpù tí kò ṣe nǹkan kan lọ fún oníṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé wáyà ló já nínú jáàkì, ẹnu tí a fi ń ki wáyà bọ ẹ̀rọ. Wọ́n gba owó lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejèèjì, n kò sì bínú, iṣẹ́ ara mi ni n kò ṣe.

Bí apá kan bá dákẹ́, tí iná pupa kankan ò tàn, ẹ pa áńpù. Ẹ yọ wáyà méjèèjì tó ń ti míkísà (ẹ̀rọ tí a fi ń da orin àti ohùn pọ̀) wọ̀ ọ́, ẹ ki tọ̀tún bọ òsì, kí ẹ ki tòsì bọ ọ̀tún. Ẹ wá tàn án padà. Bí apá tó dákẹ́ bá yí, tí ọ̀tún ń dún tí òsì wá dákẹ́, míkísà tàbí wáyà ló ń yọ yín lẹ́nu. Bí kò bá yí, ẹ pa á, ẹ dá ìyẹn padà sí bó ṣe wà, kí ẹ wá pààrọ̀ wáyà sìpíkà lẹ́yìn lọ́nà kan náà. Bí àpótí kan náà bá ṣì dákẹ́ níbi tí ẹ gbé e lọ, àpótí náà tàbí wáyà rẹ̀ ni. Bí ojú kan náà lára áńpù bá ń pa gbogbo àpótí tí ẹ bá so mọ́ ọn lẹ́nu mọ́, ó di ti áńpù.

Àmọ́ bí iná PROTECT bá ti tàn, ẹ má pààrọ̀ sìpíkà rárá. Iná yẹn lè máa sọ pé iná tààrà, irú èyí tó ń jáde lára bátìrì, ti ń jáde níbi tó yẹ kí ohùn nìkan gbà jáde. Bí ríléè, bọ́tìnì inú áńpù tó dí iná náà mú, bá fi lè yẹ̀, kọ́ìlì sìpíkà yín á jó kí ẹ tó ka ẹẹ́rin. Mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀ rí, ó dà bí ìgbà tí páànù ìrẹsì jó tí èèyàn tún da ike sí i.

Bó bá jẹ́ pé ó kàn ń kùn "ùùùù", ẹ yọ wáyà míkísà kúrò lẹ́yìn rẹ̀ pátápátá. Bí ìkùn náà bá dáwọ́ dúró, àwọn tí ẹ so pọ̀ ló ń bá ara wọn jà, áńpù ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ṣájà kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n fi ń ta orin sínú míkísà ni: ẹ yọ ṣájà náà lára iná, ẹ ó rí i pé ilé á pa rọ́rọ́. Ẹ má gé ẹsẹ̀ kẹta pọ́lọ́ọ̀gì nítorí ìkùn o. Ẹsẹ̀ yẹn ló ń gba ẹ̀mí là nígbà tí iná bá kan irin áńpù. Bó bá wá ń kùn láìsí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn kapásítọ̀ ńlá inú rẹ̀, àwọn tó ń tọ́jú iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, ti gbẹ, pàápàá bí ó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ tó ti lo ogún ọdún níbòmíràn.

Kíríkírí nígbà tí ẹ bá ń yí kọ́kọ́rọ́ ohùn, eruku ni. Ẹ fín oògùn tí wọ́n ń fọ àwọn kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ sí i, ẹ yí i lọ yí i bọ̀ nígbà ogún. Ẹni tó bá gba ₦20,000 lọ́wọ́ yín nítorí ìyẹn, ẹ̀yin lẹ dá a lọ́lá.

Kí ẹ tó ṣí i, ẹ kọ̀wé

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ìdérí nínú ìbínú. Lẹ́yìn náà ni oníṣọ́ọ̀bù á wá sọ pé, "Ẹ ti fọwọ́ bọ̀ ọ́, kò kàn wá mọ́." Bí sítíkà ìdánilójú bá wà lórí sikúrúù rẹ̀, tí ọjọ́ tí wọ́n fún yín ò sì tíì pé, ẹ má ṣí i rárá, ẹ gbé e lọ bẹ́ẹ̀.

Tèmi ò ní sítíkà. Síbẹ̀, kí n tó fi sikurudíráífà kàn án, mo fi WhatsApp ránṣẹ́ sí oníṣọ́ọ̀bù náà ní aago méje àárọ̀: "Ọ̀gá mi, ẹ kú àárọ̀. Áńpù tí mo rà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ kẹsàn-án sẹ́yìn ti dákẹ́ lápá ọ̀tún, iná protect tàn. Mo fẹ́ ṣí ìdérí rẹ̀ láti wò ó lójú lásán, mi ò ní tú ohunkóhun." Ó fi ohùn dá mi lóhùn pé, "Ẹ ṣí i jàre, kò sí wàhálà." Ohùn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin yẹn níye lórí ju rìsíìtì lọ. Mo gbé fóònù ka orí àpótí, mo jẹ́ kí ó máa ya fídíò bí mo ṣe ń tú sikúrúù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tó hàn gbangba.

Gílóòbù ògbólógbòó

Irinṣẹ́ tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni gílóòbù 100 wáàtì onírin-pupa àtijọ́, èyí tó máa ń gbóná. Àwọn tó ń sin òròmọdìyẹ ṣì ń rà á, ẹ ó rí i. Gílóòbù LED ò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Mo so ó mọ́ àárín wáyà iná kan ṣoṣo (èyí tí iná ń gbà wọlé, tí wọ́n ń pè ní live, kì í ṣe neutral), kí iná tó ń lọ sínú áńpù baà lè kọ́kọ́ gba inú gílóòbù kọjá. Inú páálí onígi kékeré kan ni mo kàn án sí, pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ wáyà iná so dáadáa, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe é fún yín lẹ́ẹ̀kan, ó di tiyín títí ayé.

Ẹ yọ gbogbo sìpíkà. Ẹ ki áńpù bọ gílóòbù náà, ẹ tàn án. Bí gílóòbù bá tàn yòò lẹ́ẹ̀kan, tó sì ṣú wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta, àwọn kapásítọ̀ ló kún, inú rẹ̀ dára. Bó bá tàn yòò tí kò ṣú mọ́, nǹkan kan ti ṣọ́ọ̀tì nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ki irú áńpù bẹ́ẹ̀ bọ iná láìgba inú gílóòbù, fíúsì lè já, tàbí kí àwọn ohun tó kù tún bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fara mọ́ àwọn tó ń pààrọ̀ fíúsì lẹ́ẹ̀mẹta léraléra "bóyá á dúró". Fíúsì kan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí èkejì bá já, ó ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sì fi fóìlì inú páálí sìgá dí ojú fíúsì, ilé rẹ̀ ló fẹ́ dáná sun.

Tèmi tàn yòò. Kò ṣú.

Inú rẹ̀

Ẹ yọ ọ́ lára iná. Kíyè sí i, áńpù tí ẹ ti yọ lára iná ṣì lè pani. Àwọn kapásítọ̀ ńlá méjì tó dà bí agolo mílíìkì máa ń di iná mú. Nínú tèmi, fóltì 78 wà lápá kan, 78 tún wà lápá kejì, àpapọ̀ 156. Ẹ má fi irin so wọ́n pọ̀. Ìró rẹ̀ á dà bí ìbọn, á sì jẹ ojú irin náà. Wáyà gílóòbù mìíràn tí mo so ẹnu rẹ̀ mọ́ kílíìpù ni mo fi máa ń fà á tán: kílíìpù kan lójú àfikún (+), ọ̀kan lójú àyọkúrò (−), kí ó tàn kó sì kú fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo á fi mítà wọ̀n ọ́n títí yóò fi wá sísàlẹ̀ fóltì 2. Ọwọ́ kan ni mo ń lò, èkejì á wà lẹ́yìn mi. Bàbá Mọ́kọ́lá ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi imú àti ojú ṣiṣẹ́. Kapásítọ̀ tí orí rẹ̀ wú, rẹ̀sísítọ̀ (ohun kékeré tó ń dín iná kù) tó dúdú, páńẹ̀lì (pátákó tí wọ́n to gbogbo wọn sí) tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lábẹ́ nǹkan kan, eruku tó dí fáànù pa, ẹ ya gbogbo rẹ̀. Mo bá ihò kékeré kan lójú ọ̀kan nínú àwọn tiransísítọ̀ (ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń sọ ohùn di ńlá) tó wà lára irin tó ń fa ooru wọn, bí ẹni pé ìṣó wọ ibẹ̀. Ohun tó dún "gbàù" ní Mọ́níyà nìyẹn.

Mẹ́jọ ni wọ́n wà lápá kọ̀ọ̀kan: 2SC5200 mẹ́rin, 2SA1943 mẹ́rin. Nọ́ńbà méjì yìí, ẹ há a sórí, wọ́n wà nínú ọ̀pọ̀ áńpù òde tí à ń lò. Mo yí mítà sí ibi àmì ọfà tó ń wọn dáyóòdù. Ní àárín ẹsẹ̀ kejì àti ẹsẹ̀ kẹta, kò yẹ kí mítà ké. Apá òsì ò ké. Apá ọ̀tún ké "píììì" lórí gbogbo 1943 mẹ́rin.

Ẹ má wá torí ìyẹn sọ pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kú. Ńṣe ni wọ́n so wọ́n pọ̀, bí ọ̀kan bá ṣọ́ọ̀tì, mítà á ké lórí gbogbo wọn títí tí wọ́n á fi tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn kò kàn mí, mo ti sọ pé mi ò ní tú nǹkan kan. Ohun tí mo nílò ni kí n mọ̀ pé agbègbè ibẹ̀ ni, páńẹ̀lì tó kù kò jó. Bí ẹ bá ní áńpù alápá méjì tí apá kan ń ṣiṣẹ́, ẹ kò nílò ìwé kankan: apá tó yè ni ìwé yín. Ẹ wọn ojú kan níbí, ẹ wọn ojú kan náà lọ́hùn-ún. Ibi tí nọ́ńbà méjèèjì bá ti yà sọ́tọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ mọ́.

Ibi tí mo ti ń wọ̀n ni mo ti rí ohun tó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Apá òsì, tiransísítọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, lẹ́tà ara wọn rí bákan náà, àmì kékeré tó wà nísàlẹ̀ nọ́ńbà náà bára mu. Apá ọ̀tún, márùn-ún jọ tòsì. Mẹ́ta ò jọ. Lẹ́tà wọn funfun jù, ó sì rọra wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìpara funfun tí wọ́n máa ń fi sẹ́yìn wọn kí ooru lè jáde ti gbẹ ràkọ̀ lápá òsì; lẹ́yìn àwọn mẹ́ta wọ̀nyí, ó ṣì tutù, mo fi ìka kàn án, ó fi funfun sí mi lọ́wọ́. Mo dojú páńẹ̀lì kọ ìmọ́lẹ̀: lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n yọ́ fi lẹ ẹsẹ̀ àwọn mẹ́ta náà mọ́ páńẹ̀lì ń dán, pẹ̀lú òje búráùn tí ẹnikẹ́ni ò nù. Ọ̀kan nínú wọn ló ní ihò lójú.

Wọ́n ti tún áńpù yìí ṣe kí wọ́n tó tà á fún mi. Kò sì sí ẹni tó sọ ọ́.

Mo mú owu, mo tẹ̀ ẹ́ bọ oògùn tí ìyàwó mi fi ń nu èékánná, mo fi nu ojú ọ̀kan nínú mẹ́ta náà. Lẹ́tà ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ti apá òsì ò mira. Ayédèrú 5200 àti 1943 pọ̀ lọ́jà gan-an, ẹni tó bá sì ra ayédèrú ti ra "gbàù" sílẹ̀ de òde tó ń bọ̀.

Ta ló jẹ̀bi?

Ó yẹ kí n sọ òtítọ́ níbí, nítorí mo ti jẹ̀bi rí. Ní ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo so àpótí mẹ́rin tó jẹ́ óòmù 8 (òdiwọ̀n bí àpótí ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó; bó bá ṣe ń kéré sí i ni iṣẹ́ áńpù ń pọ̀ sí i) mọ́ apá kan, mo gbé ọ̀kan lé òmíràn. Méjì óòmù 8 á di 4. Mẹ́rin á di 2. A kọ ọ́ sẹ́yìn áńpù yẹn gbangba pé kò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ 4. Ó jó, mo gbé e lọ, mo pariwo lé ọkùnrin kan lórí níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó mú mi lọ́wọ́, ó fi ìka mi lé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ojú tì mí débi pé mo sanwó láìnájà.

Nítorí náà, kí ẹ tó lọ, ẹ bi ara yín. Óòmù mélòó lẹ so mọ́ ọn? Ṣé jẹnẹrétọ̀ yín kì í sáré kọjá ààlà? Ẹ tàn án, kí ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó so nǹkan kan mọ́ ọn, tèmi ti fún mi ní fóltì 268 rí kí n tó mú un lọ fún àtúnṣe. Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ Amẹ́ríkà, ṣé ojú bọ́tìnì ẹ̀yìn rẹ̀ wà ní 230, àbí 115 ni ó wà nígbà tí ẹ so ó mọ́ iná wa? Àti pé ṣé kò sí ibi tó ti mu omi òjò? Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá jẹ́ tiyín, ẹ lọ bẹ oníṣẹ́ ni, ẹ má lọ jà. Ẹ ṣì lè nájà iye owó, ìyẹn yàtọ̀.

Tèmi, àpótí méjì óòmù 8 lápá kọ̀ọ̀kan, fídíò òde ọjọ́ náà fi wọ́n hàn. Jẹnẹrétọ̀ wà ní 228.

Ọ̀rọ̀ owó

Kí n tó kúrò n'Íbàdàn, mo gba Queen Cinema ní Èkótẹ̀dó kọjá, mo béèrè iye tí wọ́n ń ta ojúlówó tiransísítọ̀ náà. ₦2,800 ẹyọ kan lọ́jọ́ yẹn. Bí tiransísítọ̀ bá kú lápá kan, ó sàn kí wọ́n pààrọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kí wọ́n bára mu: ₦22,400. Rẹ̀sísítọ̀ ìdí wọn mẹ́rin, ₦300 ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦1,200. Àpapọ̀, ₦23,600. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì mi.

Oníṣọ́ọ̀bù kí mi dáadáa, ó fún mi lága. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ gbé áńpù wọlé, ó padà jáde lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Oníṣọ́ọ̀bù ní, "Ọ̀gá Sáńdì, páńẹ̀lì ti jó. Ẹ ti gbé ẹrù jù fún un. ₦145,000, tìtorí pé oníbàárà wa ni yín."

Mi ò sọ pé ó pọ̀ jù. Bí ẹ bá ti ní ó pọ̀ jù, ìnájà ti bẹ̀rẹ̀ láti ₦145,000 nìyẹn, bí ẹ sì jà dé ₦90,000, inú yín á dùn, ẹ ó máa rò pé ẹ borí. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ ọ̀gá mi, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀: kí ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀, èló ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, èló ni iṣẹ́ ọwọ́. Kí ẹ sì kọ ọ́ pé màá gba àwọn èyí tí wọ́n bá yọ."

"A kì í kọ irú ẹ̀ níbí."

"Kò burú. Màá dúró." Mo ra píọ́ wọ́tà, mo jókòó. Oníbàárà méjì wọlé, wọ́n ń wo áńpù mi tó ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì. Kò pẹ́ tó fi mú bírò.

Nígbà tó kọ "páńẹ̀lì", mo ní kí ọmọṣẹ́ jọ̀wọ́ fi mítà kan ojú kan fún mi lápá òsì, kó tún kàn án lápá ọ̀tún. Mítà ké níbi tí mo ti mọ̀ pé yóò ké. Mo wá mú fóònù jáde, mo fi fọ́tò mẹ́ta hàn án: lẹ́tà tó yàtọ̀, ìpara tó tutù, lẹ́ẹ̀dì tó ń dán. Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran; inú ń bí mi, ṣùgbọ́n mo rí i pé bí mo bá pariwo níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, yóò ní láti gbèjà ara rẹ̀, a ò sì ní parí rẹ̀ lónìí. Mo ní, "Ọ̀gá mi, ta ló fi mẹ́ta yìí sí i?"

Ó ní mo ti ṣí i, bóyá èmi ni. Mo tẹ ohùn tiẹ̀ fún un: "Ẹ ṣí i jàre, kò sí wàhálà." Mo fi fídíò ìgbà tí mo ń tú sikúrúù tẹ̀ lé e.

Ó wo ọmọṣẹ́. Ọmọṣẹ́ wo ilẹ̀. "Àwa la fi sí i, ọ̀gá," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ọjọ́ tí ẹ rìnrìn àjò yẹn."

Láti ibẹ̀, kò gba wá ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo gbé ọ̀nà mẹ́ta síwájú rẹ̀: kó tún un ṣe láìgba owó, kó fún mi ní òmíràn, tàbí kó dá owó mi padà. Ẹ máa ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹ bá béèrè fún ẹyọ kan, rárá nìkan ló kù láti sọ. Ó ní òun ò lè ru gbogbo ẹ̀ torí pé mo ti lò ó. A pín owó ohun èlò sí méjì, ₦11,800 ọ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ọwọ́ di tirẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí n rí gbogbo ẹ̀ gbà bí mo bá dúró di ọ̀la, ṣùgbọ́n mo ní òde ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé.

Mo ní kí wọ́n fi gílóòbù dán an wò níwájú mi kí wọ́n tó ki í bọ iná. Wọ́n ò ní gílóòbù. Mo mú tèmi jáde nínú báàgì. Ó tàn yòò, ó ṣú. A wọn ẹnu sìpíkà kí a tó so ohunkóhun mọ́ ọn: mílífóltì 14 lápá ọ̀tún, 11 lápá òsì. Bó bá ti kọjá 100, ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó wá kọ ìdánilójú oṣù kan sẹ́yìn rìsíìtì, ó fọwọ́ sí i, ó fi déètì sí i.

Bí kò bá gbọ́

Tèmi gbọ́. Ọ̀pọ̀ kì í gbọ́, wọ́n á nawọ́ sí ibi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì pé ọjà tí a bá ti tà, kò sí ìdápadà. Ìlà yẹn kò ju òfin lọ. Òfin àpapọ̀ tọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, sílẹ̀ fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí kò lábùkù, tó sì lè lò fún àkókò tó bọ́gbọ́n mu. Ó tún sọ pé bí wọ́n bá ti tún ọjà kan ṣe kí wọ́n tó tà á, kí wọ́n jẹ́ kó hàn sí ẹni tó ń rà á. Èyí tó kàn mí gan-an nìyẹn.

Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ìjọba, ẹ béèrè ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ọlọ́jà. Ọ̀pọ̀ ọjà ńlá ló ní alága, ẹni tó ń tajà níbẹ̀ sì ń bẹ̀rù rẹ̀ ju ọlọ́pàá lọ. Ẹ mú ìwé, fọ́tò àti ohùn lọ, ẹ má mú ìbínú lọ. Bí ìyẹn ò bá bọ́ sí i, ẹ kọ ẹ̀sùn sí FCCPC. L'Ékòó, LASCOPA, àjọ ìpínlẹ̀ náà tó ń gbèjà oníbàárà, wà fún irú rẹ̀. Ilé ẹjọ́ gbèsè kékeré tí Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2018 ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò bá ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, ẹ sì lè rojọ́ fúnra yín láìgba lọ́yà, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún ẹni náà ní lẹ́tà tí ẹ fi béèrè owó yín. Fún áńpù ₦285,000, mi ò rò pé màá dé ibẹ̀. Fún odidi sáńdì, màá dé ibẹ̀.

Ẹ má fi áńpù sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn láìgba ìwé tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀. Mo mọ ẹnì kan tó gba áńpù padà tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ tí inú rẹ̀ ò jẹ́ tirẹ̀.

Ó ti di ìrọ̀lẹ́ kí n tó wọ mọ́tò padà s'Íbàdàn lọ́jọ́ yẹn, áńpù lórí itan mi, àwọn tiransísítọ̀ mẹ́jọ tí wọ́n yọ nínú ọ̀rá nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì mi. Mo ń ṣírò rẹ̀ lọ́kàn, ₦145,000 tó di ₦11,800, mo ń rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. A ti dé Ìbàfò kí n tó rántí pé mi ò béèrè owó ọkọ̀ mi.